Àwọn bàbá wa kò sí nínú àwòrán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ogun aláwòrán ni mo bá wá, pàápàá Commando, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, lọ́dún 1961. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Èèpo rẹ̀ láwọ̀ mèremère, dúdú àti funfun ni inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn oníwèé àlòkù ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń rà wọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi a jọ máa pààrọ̀ wọn, títí èèpo á fi já.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Bàbá àgbà jagun ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kojú àwọn ará Japan. Mo wá ẹni tó jọ wọ́n títí nínú ìwé wọ̀nyẹn, n kò rí i. Bàbá àgbà a gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọn a fìka lé igbó inú àwòrán, wọn a ní: "Òjò ibẹ̀ ju báyìí lọ."

Ẹ̀yin ayàwòrán wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà, fún àwọn ọmọ wa. Ẹ ya òjò náà pẹ̀lú.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.