Lẹ́tà sí Bùnmi láti Bandung, Indonesia

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọwọ́ lómi o! Ọmọ tuntun jòjòló ńkọ́? Ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn? Gbogbo ìkómọ náà ni mo wò lórí fóònù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni n'Íbàdàn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni níbí. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé fóònù ti ara kọ̀ǹpútà, mo pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, omi bọ́ lójú mi.

O bi mí lọ́jọ́sí pé báwo ni òkun ṣe ń ṣe wá sí. Erékùṣù Bali lo ń rò, bíi ti gbogbo èèyàn. Bandung kò ní òkun. Orí òkè la wà, ó fi bíi 700 mítà ga ju òkun lọ, àwọn òkè ńláńlá ló sì yí wa ká, bí ẹni tó jókòó sínú igbá. Èéfín ṣì ń jáde nínú ihò orí ọ̀kan nínú wọn, Tangkuban Perahu. A kò ra fáànù rárá. Súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ kí n tó fọwọ́ kan omi láàárọ̀.

Ọkọ mi ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní ITB, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Sukarno, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ti kàwé. Èmi ṣì ń bá ilé iṣẹ́ Èkó ṣe é láti inú yàrá. Wákàtí mẹ́fà la fi ṣíwájú yín. Bí ọ̀gá mi bá jókòó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù níbí, òjò sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lákòókò náà. Nígbà tí wọ́n bá palẹ̀ mọ́ ní aago márùn-ún, aago mọ́kànlá alẹ́ ni tèmi. Oṣù àkọ́kọ́ nira púpọ̀. Mò ń dá jẹun níwájú kọ̀ǹpútà, ọkọ mi á ti sùn lọ.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ di tèmi, Bùnmi. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń jí ní aago mẹ́rin l'Ékòó nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Níbí, ọjà ni mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn Sunda ló ni ìlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gba iwájú àgbà kọjá á tẹ̀ba díẹ̀, á na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀, á ní "punten," àgbà á sì dáhùn pé "mangga." Nígbà tí ọmọ iléèwé kan kọ́kọ́ ṣe é níwájú mi, ọkàn mi lọ tààrà sí agboolé wa ní Mọ́kọ́lá. Wọn kì í fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan. Obìnrin tó bá jù ọ́ lọ, "Teteh" ni; ọkùnrin, "Aa" ni. Bí o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú angkot, dánfó tiwọn, "kiri!" lo máa pè, ìyẹn apá òsì. Bíi "ó wà!" tiwa ló rí.

Oúnjẹ kò le. Ewé tútù ni wọ́n ń fi ata gígún jẹ, wọ́n á gbé tíì gbígbóná tí kò ní ṣúgà sílẹ̀ fún ọ. Indomie tí gbogbo wa jẹ dàgbà, ilé rẹ̀ nìyí. Àìrí àmàlà jẹ nìkan ló ń dá mi lágara.

Jẹ́ kí n sọ ti Teteh ẹ̀gbẹ́ ilé wa fún ọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi kò sí nílé, òjò ń rọ̀, mo wà nínú ìpàdé. Mítà iná bẹ̀rẹ̀ sí í ké tíì-tíì-tíì. Owó inú rẹ̀ ti fẹ́ tán. Kí n tó ráyè, iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì náà lọ. Bí mo ṣe ń wá tọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́ ìlẹ̀kùn. Teteh ti gbọ́ igbe mítà láti inú ilé tirẹ̀. Ó ti ra iná náà lórí fóònù ara rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ agboòrùn, ó ń ka nọ́ńbà ogún fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Iná tàn. Nígbà tí mo gbé owó rẹ̀ lọ láàárọ̀, ó gbà á, ó sì di surabi gbígbóná méjì sínú ewé fún mi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti wàrà àgbọn dín nínú ìkòkò amọ̀. N kò tíì mọ̀ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ nínú èdè rẹ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ Sunday a lọ sí òpópónà Asia Afrika, síbi tí orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Áfíríkà 29 ti ṣe ìpàdé ní April 1955. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la ṣì wà. Ó dùn mí díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí: o ní bí ọmọ bá jí ọ lóru, kò sẹ́ni tí o lè bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jí ọ ní aago méjì, pè mí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni níbí. Mo ti ti ọjà dé, iṣẹ́ ṣì kù ní wákàtí méje. Má wo ti owó ìpè, WhatsApp ni kí o fi pè.

Bá mi kí bàbá ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé