Ẹ fún àwa tísà pírámárì láyè nínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ìwé ìròyìn yín la máa ń kà nílé ìwé wa, tí ọ̀gá bá ti kà á tán á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwa tísà pírámárì ní ìdajì ojú ewé kan lọ́sẹ̀, ká lè máa sọ fún ara wa ohun tó ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì àti bá a ṣe ṣe é, ní Yorùbá tó yé èèyàn. Ẹ̀ ń fún bọ́ọ̀lù ní ojú ewé tó pọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ o, àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A B D náà yẹ lẹ́ni à ń yà nǹkan sọ́tọ̀ fún.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣebí WhatsApp wà. Ó wà lóòótọ́, èmi náà wà nínú gúrúùpù tísà, àmọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí, wọ́n á kí ẹ káàárọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kí ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹnìkan á wá fi fọ́tò lẹ́sìn nóòtù kan sáàárín, kó o tó ra dátà wọlé lálẹ́ ó ti lọ sókè réré, o ò ní rí i mọ́. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú ohun tá à ń pín kiri yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tiwọn, yìnyín ló ń bọ́ nínú àwòrán, dọ́là àti sẹ́ńtì ni wọ́n ní kí ọmọ ṣírò, wọ́n sì ní kó o tẹ̀ ẹ́ jáde ní kọ́lọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Owó ta ni? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì máa ń pè wá sí lọ́lidé, ẹnìkan á dúró níwájú á máa ka ohun tó wà lára ògiri sí wa létí, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí tá a fi máa jẹun ká sì lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín kẹ́ ẹ lè mọ irú ohun tí mò ń wí. Ìsọdipúpọ̀ máa ń le fún àwọn ọmọ pírámárì 3, wọ́n á kọ tábìlì lórin látòkè délẹ̀, àmọ́ bi wọ́n ní mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin lójijì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tísà àgbà kan tá a jọ wà nílé ìwé ló kọ́ mi ní ti ayò ọlọ́pọ́n. Ẹ má lọ ra ọpọ́n gidi, ó wọ́n, kíréètì ẹyin ni kẹ́ ẹ wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin ni mo ti ń gbà á, wọ́n máa ń jù ú nù ni. Kíréètì kan ní ojú 30, mẹ́fà ní gígùn, márùn-ún ní ìbú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìlà méjì méjì, ojú 12 ló máa wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà níwájú ọmọ yìí, mẹ́fà níwájú ọmọ tọ̀hún, bí ọpọ́n ayò ṣe rí gan-an nìyẹn. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á ṣẹ́ kù, ẹ fi kó ṣọ́ọ̀kì.

Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó ta á rárá, ẹ ti máa bi wọ́n, ojú méjì, mélòó? Ojú márùn-ún ńkọ́? Gbogbo iwájú tìẹ, mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, mélòó? Wọ́n á fọwọ́ kà á, 24. Ó di tọ̀tún tòsì, 48. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ta á. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ tán, tí Ṣadé jẹ 27, ẹ má tíì ka ti ẹnìkejì ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n tó kà á. 21 ni, ariwo tó máa sọ nígbà tó bá bọ́ sí i, ẹ máa rọra o, kíláàsì kejì á wá fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ kejì ẹ kó 48 yẹn jọ sílẹ̀, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́fà, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́jọ, ẹ wá ní kí wọ́n pín in sọ́nà márùn-ún, kí wọ́n fojú ara wọn rí mẹ́ta tó ṣẹ́ kù. Mo ti fi ṣáàtì kọ́ wọn ní àṣẹ́kù rí, kò yé wọn tó báyìí.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní tísà kan sí ọmọ 35, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé ìwé ìjọba. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ 60, ọpọ́n 15 ló máa tó, ọmọ mẹ́rin sídìí ọ̀kan, méjì ń ta, méjì ń wò wọ́n tí wọ́n ń kọ iye sínú ìwé, wọ́n á wá pààrọ̀. Àwọn pírámárì 1, ẹ má kó ẹ̀wà tàbí àgbàdo fún wọn, ọmọ á tì í bọ imú, ẹ̀wà sì máa ń wú tó bá ti rí omi, ìdérí ike omi ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì ní kí ọmọ lọ béèrè owó kádíbọ́ọ̀dù nílé nítorí ìyẹn, àwọn òbí kan ń wá owó oúnjẹ lọ́wọ́.

Ti èdè Yorùbá náà wà. Àmì ohùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sá fún un. Tísà kan nílé ìwé tó wà nítòsí wa kì í bẹ̀rẹ̀ lórí pátákó, á ní kí ọmọ dìde, dò, ọwọ́ lórúnkún, re, ọwọ́ láyà, mí, ọwọ́ lókè orí, kí kálukú wá fọwọ́ pe orúkọ ara ẹ̀. Túndé á nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Adé á fọwọ́ sáyà kó tó nà án sókè. Àìná á tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀mejì, á wá nawọ́ sókè. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìdí pátákó, wọ́n ti mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan ń kọjú sí. Èèyàn mélòó ló mọ̀ nípa èyí yàtọ̀ sáwa tá a wà ládùúgbò ẹ̀? Bí obìnrin yẹn bá fẹ̀yìn tì lọ́la, ó bá a lọ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, Òyìnbó wá dá dúró bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú Òyìnbó fúnra ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ìyẹn, àmọ́ wọn kì í sọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀, pé ìwé ò sí nílẹ̀, wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́ ni, kí wọ́n sì kọ́ tísà bó ṣe máa lò ó. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ ká máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lójú ewé yín. Ní November 2022 ìjọba àpapọ̀ ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ pírámárì, ní November 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ní wọ́n ti fagi lé e, Òyìnbó ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Àmọ́ èyí tó wù kí wọ́n ṣe l'Ábùjá, ọmọ tí ohun tí mo sọ ò yé wà níwájú mi láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tó máa fi yé e.

Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ní kí ẹni tó bá kọ̀wé wá sọ kíláàsì tó ti lò ó, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, iye tó ná an, àti ibi tó ti há. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo kà sí jù, torí a máa ń fẹ́ sọ èyí tó dáa nìkan. Bíi ti ayò yìí, àwọn òbí kan máa ń rò pé tẹ́tẹ́ là ń kọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ ti sọ ọ́ nípàdé òbí kí ọmọ tó lọ ròyìn ẹ̀ nílé. Ẹ má gba fọ́tò tí ojú ọmọ hàn nínú ẹ̀, àwòrán ohun èlò náà ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi díẹ̀, kó sì jẹ́ ìpolówó lẹ máa fi sí ẹ̀yìn ojú ewé náà, ká lè gé e ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí láì ba ìròyìn ẹlòmíì jẹ́.

Èmi ni tiyín,
Tísà pírámárì 3, Ìbàdàn