Ẹ má gbé ínsúlínì sínú fírísà nítorí pé wọ́n mú iná lọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí ìwé ìròyìn yìí. Ìmọ̀ràn kan tí ó jáde nínú abala ìlera yín láìpẹ́ yìí ni ó mú mi gbé gègé. Wọ́n ní kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tètè gbé oògùn rẹ̀ sínú fírísà bí ó bá ti rí i pé iná mànàmáná kò dúró, kí òtútù ibẹ̀ lè bá a tọ́jú rẹ̀ títí iná yóò fi padà dé. N kò ṣiyèméjì pé èrò rere ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí àwọn òǹkàwé yín bá tẹ̀ lé e, oògùn tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò gan-an ni wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn bà jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi nílùú Ìbàdàn, nítorí náà mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Àárín dígírì 2 sí dígírì 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn tí wọ́n ń ṣe ínsúlínì ní kí á tọ́jú èyí tí a kò tíì ṣí sí, ìyẹn sì ni inú fìríìjì lásán tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fírísà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Purotéènì ni ínsúlínì, bí ó bá sì ti dì lẹ́ẹ̀kan péré, agbára rẹ̀ ti bàjẹ́, kódà bí a bá gbé e síta tí ó yọ́ padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí. Oríṣi ínsúlínì kan wà tí ó máa ń funfun bí a bá pò ó, òun sì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú wa ń lò. Kí a tó fà á sínú abẹ́rẹ́, a ó kọ́kọ́ yí ìgò rẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Èyí tí kò lábùkù á funfun dọ́gba láti ọrùn ìgò títí dé ìdí. Èyí tí ó ti dì rí kì í dọ́gba: horo funfun kéékèèké á máa léfòó nínú rẹ̀, òmíràn á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò nínú lọ́hùn-ún, débi pé bí ẹ bá yí i títí di ọ̀la, kò ní kúrò. Mo ti gba irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn tí ó ti ń gún un sára láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ṣúgà rẹ̀ ń ga sí i, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń jẹ iyán ní kọ̀rọ̀.

Fìríìjì lásán náà lè ṣe iṣẹ́ ibi yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀pọ̀ ilé. Nítorí pé a kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún mú iná lọ, àṣà wa ni pé bí iná bá ti dé lóru, a ó yí nọ́ńbà òtútù fìríìjì dé òpin, kí ó lè kó òtútù jọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún ẹran àti ẹja, kò burú. Fún ìgò oògùn tí ó fara ti ògiri ẹ̀yìn fìríìjì, níbi tí yìnyín ti máa ń hù, tàbí èyí tí a tì sí abẹ́ ibi tí omi ti ń dì gan-an, òru ọjọ́ kan ti tó láti pa á. Pẹpẹ àárín ni ààyè rẹ̀, nínú ike onídèérí, kí ó jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn, kí nọ́ńbà òtútù sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó ra tẹmomítà kékeré kan sínú fìríìjì, nítorí pé ọwọ́ tí a fi ń kan ìgò láti mọ̀ bóyá ó tutù kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín dígírì 3 àti òdo.

Ooru tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, kì í tètè pa ínsúlínì tó bí a ti rò. Kì í ṣe pé kò léwu o. Oògùn tí a fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn ọ̀sán, tàbí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ti wọ wàhálà. Ṣùgbọ́n ìgò tí a ti ṣí tí a ń lò lọ́wọ́ yàtọ̀: ìwé inú páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ó lè wà níta fìríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ 4, bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá dígírì 25 tàbí 30, gẹ́gẹ́ bí oríṣi rẹ̀ bá ti jẹ́. Ní ọdún 2021, Yunifásítì Geneva àti àwọn dókítà Médecins Sans Frontières gbé ìwádìí kan jáde tí ó dá lórí àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Dagahaley, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí fìríìjì ti ṣọ̀wọ́n nínú ilé. Wọ́n rí i pé ínsúlínì tí ó wà nínú ooru tí ń lọ sókè tí ń bọ̀ wá sílẹ̀ láàárín dígírì 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ 4 kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tí ó máa ń gbé ìwádìí ìlera yẹ̀ wò, kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì sọ pé àwọn oríṣi kan tí a kò tíì ṣí lè lo oṣù 6 nínú ooru tí kò ju dígírì 25 lọ, tàbí oṣù 2 nínú èyí tí kò ju 37 lọ, kí agbára wọn má sì dínkù débi tí yóò pa aláìsàn lára.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí kó oògùn rẹ̀ kúrò nínú fìríìjì. Ìwé inú páálí àti ọ̀rọ̀ dókítà ni kí ó tẹ̀ lé. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé mo mọ àwọn tí wọ́n da ínsúlínì olówó gọbọi nù nítorí pé iná kò sí láti àná, tí wọn kò sì rí owó ra òmíràn títí oṣù fi parí. Ẹni tí kò gún ínsúlínì rárá wà nínú ewu ju ẹni tí ó gún èyí tí ooru fẹ́ sí lọ, àgàgà ọmọdé tí ara rẹ̀ kò lè ṣe ínsúlínì kankan fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ooru kàn nìkan ni ó wà nílé, kí ó máa lò ó, kí ó máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra, kí àwọn ará ilé sì máa wá òmíràn kíákíá.

Kí ni kí a wá ṣe nígbà tí iná bá lọ? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣí fìríìjì. Èyí tí a kò bá ṣí lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bíi wákàtí 4, ó sì sàn bí a bá ti to ìgò omi sí ààyè tí ó ṣófo nínú rẹ̀ ṣáájú. Ilé tí ọmọdé pọ̀ sí mọ̀ pé èyí rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Bí ó bá ti di pé ilẹ̀ ṣú tí iná kò dé, a ó mú píọ̀ wọ́tà tí ó ti dì nínú fírísà, a ó fi táwẹ́lì tí ó nípọn wé e dáadáa, a ó tẹ́ ẹ sí ìdí kúlà, a ó sì gbé ike oògùn lé orí táwẹ́lì náà. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ fara kan ìgò oògùn níbikíbi. Èmi a máa fi aṣọ mìíràn lé e lórí kí n tó pa kúlà dé.

Àwọn tí kò ní fìríìjì rárá ńkọ́? Omi inú àmù àwọn ìyá wa tutù nini láìsí iná NEPA, ọgbọ́n kan náà sì ni olùkọ́ kan láti òkè ọya, Mohammed Bah Abba, fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000: ó ti ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sí àárín wọn, ó fi omi rin iyanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí, kí ẹ̀fọ́ àwọn àgbẹ̀ má baà rà. Bí omi bá ti ń gbẹ kúrò lára amọ̀, ó ń kó ooru lọ. Ìkòkò yìí kò lè dé dígírì 8, ṣùgbọ́n ó lè gba ìgò tí a ń lò lọ́wọ́ kúrò nínú ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí yàrá abẹ́ páànù ń jó bí iná. Kí a fi ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ wé oògùn náà kí a tó gbé e sínú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù; lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, pàápàá ní Èkó, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ooru kì í fi àmì sílẹ̀ bí yìnyín ti ń ṣe. Lóòótọ́, ínsúlínì tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara tí ó wá ṣú kì í ṣe èyí tí a gbọ́dọ̀ gún, ṣùgbọ́n òmíràn á mọ́ lójú nígbà tí agbára rẹ̀ ti dínkù. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò nìkan ni yóò tú u fó. Bí ṣúgà bá ga fún ọjọ́ díẹ̀, tí oúnjẹ kò yí padà, tí ìwọ̀n oògùn kò sì yí padà, kí a fura sí ìgò náà, kí a sì gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe máa fi kún ìwọ̀n rẹ̀ fúnra wa, nítorí ọjọ́ tí a bá ṣí ìgò tuntun tí ó lágbára, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.

Olóòtú, ẹ̀bi náà kò yẹ kí ó dá lé aláìsàn nìkan lórí. Láìpẹ́ yìí, mo bá ìbátan mi kan lọ ra ínsúlínì ní ilé ìtajà oògùn kan tí n kò ní dárúkọ. Inú fìríìjì tí ẹlẹ́rìndòdò kún ni wọ́n ti mú un jáde. Mo bi ọmọbìnrin tí ó ń tajà pé ṣé fìríìjì yìí ń ṣiṣẹ́ lóru. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, bí a bá ti ń ṣíwọ́, ọ̀gá máa ń ní kí a pa jẹ́n.” Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé epo ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 2023. Mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n wà ní Band A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún láti oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san lórí yúníìtì kan nígbà náà, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ń gba èyí tí ó bá kù. Síbẹ̀, owó oògùn tí ó péye ni ẹni tí ó rà á san, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ irú òru tí oògùn náà ti sùn.

Àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ gba àjẹsára lè ti rí àmì kan lára ìgò rẹ̀: àyíká kan tí ó ní igun mẹ́rin funfun nínú. Bí ooru bá ti ń bá ìgò náà jà, igun mẹ́rin yẹn á máa dúdú. Bí dúdú rẹ̀ bá ti tó ti àyíká rẹ̀, nọ́ọ̀sì á dà á nù. N kò tíì rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ìgò ínsúlínì kan rí lórí igbá àwọn tí wọ́n ń tà á níbí. Títí di ìgbà tí yóò fi wà, mo rọ àjọ NAFDAC àti Pharmacy Council of Nigeria, tí ó ń fún ilé ìtajà oògùn ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n mú un ní dandan pé kí ẹni tí ó bá ń ta ínsúlínì máa kọ ìwọ̀n òtútù fìríìjì rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó sì lẹ ìwé náà mọ́ ibi tí oníbàárà ti lè rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ibùdó ìlera wa náà. Oxytocin tí a ń gún fún ìyá lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, inú òtútù ni òun náà ń gbé, ooru sì ń jẹ agbára rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò rí i. Ọ̀nà àbáyọ ti wà: ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní orílẹ̀-èdè 10, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé oògùn mìíràn, carbetocin tí ooru kì í bà jẹ́, kò kéré sí oxytocin nínú dídènà ẹ̀jẹ̀ yíya. Níbi tí kò bá ì tíì dé, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ fi fìríìjì olóòrùn síbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìmọ̀ràn ọjọ́ náà ṣe ní ojú ewé kan náà tí ó ti jáde, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ wọ fírísà, kí ẹni tí ó ti gbé tirẹ̀ síbẹ̀ sì gbé e lọ fi han nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kí ó tó tún gún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.