Ògùṣọ̀ kì í ṣe iná ọwọ́ nìkan

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí ó sọ pé iná tí ènìyàn bá gbé lọ́wọ́ láti fi ríran nìkan ni à ń pè ní ògùṣọ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí iná tó kan ògùṣọ̀ rárá ni ó ti ń jẹ́ ògùṣọ̀.

Ní àwọn ẹbu epo tí ó wà lágbègbè Iléṣà níhìn-ín, nígbà tí wọ́n bá ti se ẹyìn, tí wọ́n gún un, tí wọ́n ṣa èkùrọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì fún epo rẹ̀ tán, ìhá ni ó máa ń kù, epo díẹ̀ a sì ṣì wà lára rẹ̀. Ìhá yìí ni àwọn obìnrin máa ń dì ní ìṣù-ìṣù, tí wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ; òun gan-an ni ògùṣọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáná yóò ya díẹ̀ lára rẹ̀, yóò tú u kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ inú rẹ̀, yóò fi sábẹ́ ìṣẹ́pẹ́ igi, yóò wá ṣáná sí i. Epo ara rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó jó fùú kí ó sì kú bíi bébà. Èéfín rẹ̀ a dúdú díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa jó títí igi ńlá yóò fi gbaná. Ìhá tí ẹ̀rọ bá ti fún gbẹ pátápátá kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé wọ́n tún máa ń di ìhá kan náà mọ́ orí igi láti fi rìn lóru ni ìtumọ̀ kejì ṣe wà. Bíbélì Yorùbá lò ó bẹ́ẹ̀ nínú Jòhánù 18:3, níbi tí àwọn tí ó wá mú Jésù ti gbé fìtílà àti ògùṣọ̀ lọ́wọ́, àwọn oníròyìn sì ń lò ó fún iná ìdíje Òlíḿpíìkì, tí kò ní ìhá kankan nínú. N kò bá wọn jà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ọmọ tí a bá rán lọ mú ògùṣọ̀ wá nídìí ààrò máa wá tọ́ọ̀ṣì kiri.

Dípò ògùṣọ̀, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sun àgbàdo létí títì wa fi ń dáná èédú báyìí, àwọn mìíràn a sì da kẹrosíìnì sí ẹyín iná, èyí tí ó lè gbiná mọ́ni lójú. Bí ojú ewé èdè yín bá tún kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtumọ̀ ti ìdí ààrò ṣíwájú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Iléṣà