Táyọ̀, gbé ike ìfọ́nmi yẹn sílẹ̀

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ara gbogbo wa le, Bísí ti bímọ, obìnrin ni. Ìyókù di ìgbà tí a bá fojú rinjú. Àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Omi tí o fọ́n sára òdòdó yẹn kò jọ ìrì rárá. Fẹ àwòrán náà kí o wo etí ewé: ẹ̀kán kan tóbi bí èékánná ọmọdé, èkejì kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òmíràn ti ń ṣàn sílẹ̀. Ìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kóra jọ láti òru, títí dé orí irun wínníwínní tó wà lára igi òdòdó, àwọn ẹ̀kán tó wà lójú kan náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ike ìfọ́nmi tó lè ṣe é.

Láti alẹ́ ni o ti lè fura bóyá ìrì máa sẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ tónítóní tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ooru ara ewé á máa bá ojú ọ̀run lọ, ewé á tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á sì di ẹ̀kán sí i lára. Ìkùukùu dà bí aṣọ ìbora, kì í jẹ́ kí ooru náà lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kì í jẹ́ kí ewé tutù tó. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, sùn. Àwọn ẹ̀kán ńlá tó máa ń dúró sí ṣóńṣó ewé koríko nìkan, koríko fúnra rẹ̀ ló ń tú wọn jáde. Wọ́n dára ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ìrì kọ́ ni wọ́n.

Dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 kí oòrùn tó yọ. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn rọ̀, kò ní òjìji. Bí oòrùn bá ti yọ, ibi tí o dúró sí ló kù. Nínú àwòrán rẹ kejì, o kẹ̀yìn sí oòrùn, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé eruku funfun ló bà lé òdòdó. Jẹ́ kí òdòdó wà láàárín ìwọ àti oòrùn, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, fi ọwọ́ ṣíji bo lẹ́ńsì. Wá ibi tí òjìji igi tó jìnnà wà lẹ́yìn òdòdó, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á tàn bí àtùpà. Fa exposure (bí ìmọ́lẹ̀ àwòrán ṣe máa pọ̀ tó) wálẹ̀ sí -0.7, torí ojú ẹ̀kán tó bá ti funfun jù, kò sí ohun tó máa dá a padà.

Ní ti fókọ́ọ̀sì, bí o bá sún mọ́ ọn débi pé òdòdó tóbi lórí séńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) bó ṣe tóbi lójú ayé, ní f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe là tó; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga ni ihò ń kéré), ibi tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ọwọ́ lásán kò lè gbé e. Gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pa autofocus (fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀), fẹ àwòrán ojú kámẹ́rà kí o fi ọwọ́ yí lẹ́ńsì, kí o sì fi aago ìṣẹ́jú-àáyá 2 tẹ̀ ẹ́. Lọ sí f/11 bí o bá fẹ́. Bí o bá kọjá f/16, gbogbo rẹ̀ kò ní mọ́ kedere mọ́. Bí ewé bá ń mì, lo 1/250 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) àti ISO 800 (bí kámẹ́rà ṣe ń fura sí ìmọ́lẹ̀ tó), tàbí kí o ní sùúrù, afẹ́fẹ́ a máa sinmi. Ṣọ́ra kí ẹsẹ̀ kámẹ́rà má kan koríko tó so kọ́ra pẹ̀lú òdòdó, ìrì á gbọ̀n dànù. Bí o bá rí oyin tí ìrì bò, má fọwọ́ kàn án: òtútù ni kò jẹ́ kó lè fò, oòrùn á yá a lára.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bí òdòdó kan bá wà lẹ́yìn ẹ̀kán ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, wàá rí i nínú ẹ̀kán náà lódindi, orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ara ẹ̀kán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi fókọ́ọ̀sì sí, òdòdó inú rẹ̀ kò wá ní mọ́ kedere. Òdòdó inú yẹn ni kí o mú.

Táyọ̀, ikọ́ yẹn ńkọ́? O kò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú lẹ́tà rẹ, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdojúbolẹ̀ lo máa ń dùbúlẹ̀ sínú koríko tútù. Jọ̀wọ́, tẹ́ ọ̀rá nínípọn sílẹ̀, kí o sì wọ aṣọ òtútù.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nǹkan kan. Màmá kò lè jáde ní ìdájí mọ́, o sì mọ bí ó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo. Ya ẹ̀kán ìrì gidi kan fún un, kí òdòdó wà nínú rẹ̀. Má já òdòdó náà. Bí o bá máa fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi document, kí wọ́n má baà fún un pọ̀, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A3.

Èmi ni,
Kẹ́mi