Àjọkẹ́, má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara dádì yín ti ń le, wọ́n ti ń dá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Táíwò ti rí èsì JAMB rẹ̀, kò burú. Ewúrẹ́ funfun yẹn bí ìbejì. Owó rẹ ti dé, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Ọmọ ìyá Ṣadé tó wà nítòsí yín ló sọ nílé wọn pé ilé àwọn arúgbó lo ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, pé o kì í sábà yọjú sí yunifásítì mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá pè, wàá ní o wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, èmi a sì máa yọ̀ pé ìràwọ̀ lò ń wò. O ò purọ́, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí mò ń rò, o sì dákẹ́.

Mi ò gbàgbé WASP-12, ìràwọ̀ tí o fi ń pa wá létí nígbà tí o wálé kẹ́yìn. O ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí 1,400 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. O ní lẹ́ńsì kámẹ́rà Canon, irú èyí tí àwọn fọtogíráfà ń lò, ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀run ní erékùṣù La Palma, tí wọ́n fi kéde pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i po ní 2008. Mo ní, ẹ ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ò rí i? O ní bó bá ti ń gba iwájú ìràwọ̀ náà kọjá, ìmọ́lẹ̀ á dín, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó sì máa ka wákàtí tí yóò tún fi dín. Wákàtí 26 péré! Ohun tó tóbi ju Júpítà lọ.

Ayé wa fi mílíọ̀nù 150 kìlómítà jìnnà sí oòrùn. Ti pílánẹ́ẹ̀tì yẹn sí ìràwọ̀ rẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ìràwọ̀ náà fà á títí tí kò fi rí roboto mọ́, ó tún ń bó afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ gbà. Pílánẹ́ẹ̀tì náà ń mú kí ara ìràwọ̀ wú, ibẹ̀ ni agbára ìrìn rẹ̀ ń ṣòfò sí, ló bá ń sún mọ́ ọn. Tó bá fi máa tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún, ìràwọ̀ á ti gbé e mì.

Àjọkẹ́, àwa ni ìràwọ̀ yẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè. Òrùlé ni mo ní kí o bá wa ṣe, o ṣe é. Mo tún béèrè owó ilé-ìwé Táíwò, mi ò béèrè ohun tí o jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà ìgbéyàwó Bọ́lá, mo fi owó rẹ ra aṣọ ẹbí, mo sì ń yan kiri pé ọmọ mi ló ń ṣe é láti Ìlú Ọba.

Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni ìwọ náà! Ta ló ní kí o máa sọ pé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Iṣẹ́ arúgbó kì í ṣe àbùkù, èmi ni mo tọ́jú ìyá mi títí wọ́n fi sùn. Físà rẹ ńkọ́? Ṣebí wákàtí 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wà níṣẹ́? Ṣé o ń sùn rárá, ọmọ mi?

Lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ, kí o sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí, má sì fi ránṣẹ́ sí Táíwò lẹ́yìn mi. Owó ìfẹ̀yìntì mi á tó o, bí kò bá tó, á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Dádì yín ò tíì gbọ́ nǹkan kan, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Pè mí lálẹ́ Sátidé. Fídíò ni kí o fi pè, mo fẹ́ rí bí o ṣe rù tó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ