Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, kí oyún tó dúró

Àdùkẹ́ mi,

Inú mi dùn pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń múra láti bímọ. Ìdí tí n kò fi dúró dìgbà tí oyún bá yọ kí n tó kọ̀wé ni pé iṣẹ́ ti máa ń lọ jìnnà lórí ọpọlọ ọmọ kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún.

Ìpele pẹlẹbẹ kan tó kún fún sẹ́ẹ̀lì ni ọpọlọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Á ká wọnú ara rẹ̀ títí á fi di ihò gbọọrọ, ihò náà á sì pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin. Bí kò bá pa dé dáadáa, orí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ á ní àbùkù. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí obìnrin máa lo fólíìkì ásíìdì, ìyẹn fítámì kan, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, láti ìgbà tó bá ti ń wá oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12 oyún. Bẹ̀rẹ̀ lónìí, jọ̀wọ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ohun tí yóò dà, nígbà tó jẹ́ pé DNA kan náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá, ni gbogbo wọn ní. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sonic hedgehog máa ń ti ìsàlẹ̀ ihò náà tàn kálẹ̀ bí òórùn tùràrí: sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí á gbà á púpọ̀, èyí tó jìnnà á gbà á díẹ̀, bí kálukú bá sì ṣe gbà á tó ni yóò sọ irú èyí tí yóò jẹ́. Kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ BMP á máa ti òkè bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Tó bá yá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun á máa gun fọ́nrán tín-ín-tín lọ sójú ọpọlọ, kẹ́míkà mìíràn, Reelin, á sì máa tọ́ wọn sọ́nà. Èyí tó dé kẹ́yìn á gba àárín àwọn tó ṣáájú kọjá, á lọ jókòó lókè wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ gan-an ni tàìrọ́ìdì rẹ, ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn tí o ń lo oògùn fún. Họ́mọ̀nù táírọ́síìnì, kẹ́míkà tí tàìrọ́ìdì ń ṣe, wà lára ohun tó ń darí ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ọmọ inú kò sì lè ṣe é tó fúnra rẹ̀ títí oyún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Tìrẹ ló máa ń gbà nípasẹ̀ ibi-ọmọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní aláboyún kì í lo oògùn, má dá a lóhùn. Jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò báyìí, kí o sì pa dà lọ ní kété tí o kò bá rí nǹkan oṣù rẹ, torí wọ́n sábà máa ń fi kún ìwọ̀n oògùn náà.

Isotretinoin tí wọ́n kọ fún àbúrò rẹ nítorí irorẹ́, má tọ́ ọ wò. Ọmọ ìyá fítámì A ni, irú nǹkan tí ara fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ. Bí ó bá wọlé lásìkò tí kò yẹ, iṣẹ́ èké ni yóò jẹ́ fún wọn. Ọtí náà, fi í sílẹ̀ pátápátá.

Má kó ọkàn sókè o. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ara yóò ṣe fúnra rẹ̀. Sọ ọjọ́ tí dókítà bá dá fún ọ fún mi, kí n bá ọ lọ.

Ìyá rẹ